Bantam Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀: Kí Ni Kí N Tún Ṣe, Kí Ni Kí N Fi Sílẹ̀ Bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ nílùú Ìbàdàn. Bàbá mi, tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, fi alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì kan, BSA Bantam D7, sílẹ̀ fún wa, ó sì ti wà nínú yàrá ẹrù nílé wa ní Òkè-Àdó láti ìgbà tí bàbá ti ra mọ́tò. Mo gbé e jáde, mo fọ̀ ọ́, mo sì rí i pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń yí, kò gan. Mẹkáníìkì tí mo pè wá wò ó yíká, ó sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí n so ẹ́ńjìnnì 125 tuntun ti Ṣáínà mọ́ férémù rẹ̀, kí n sì pààrọ̀ gbogbo wáyà iná rẹ̀, nítorí pé wàhálà nìkan ló kù nínú èyí tó wà níbẹ̀.

Kí n má parọ́, wàhálà náà pọ̀ lóòótọ́. Jíà rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, bíréèkì ẹ̀yìn sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, ìdàkejì Bajaj tí mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Bẹntiróò ń jò láti ẹnu táàpù abẹ́ táńkì. Kò sí sípánà kan nínú àpótí irinṣẹ́ mi tó bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu dáadáa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà tún sọ fún mi pé iná iwájú rẹ̀ máa ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ọkàn mi kò gbà kí n yọ ẹ́ńjìnnì tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú. Èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni kí n gbà gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, èwo sì ni kí n tún ṣe?

Bàbá Fẹ́sípà

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ohun tí mẹkáníìkì rẹ ń pè ní wàhálà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, bí o bá sì ti mọ ìdí náà, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ èyí tó yẹ kó dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi jíà. Ilé iṣẹ́ DKW ní Jámánì ló ṣe alùpùpù kan tó ń jẹ́ RT 125 ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí, àwọn tó ṣẹ́gun gba àwòrán ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ara owó ìtanràn ogun, BSA ní Birmingham sì gbé Bantam jáde láti inú rẹ̀ ní 1948. Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀, àwọn ará Soviet ṣe tiwọn, Yamaha náà sì tẹ̀lé àwòrán kan náà nígbà tó ń ṣe YA-1, alùpùpù àkọ́kọ́ tó tà, ní 1955. Apá òsì ni àwọn ará Jámánì fi jíà àti kíkì sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ mọ́ jíà nígbà náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe yí gbogbo àwòrán ẹ́ńjìnnì náà sódì, òsì di ọ̀tún, ọ̀tún di òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yẹn kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ gan-an ni a ti ń dá Bantam mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀.

Ní ti táàpù tó ń jò, má ì tíì ra òmíràn. Inú irú táàpù bẹ́ẹ̀, èyí tí a ń fà jáde tí a sì ń tì wọlé, ni wọ́n fi kọ́ọ̀kì sí, ìyẹn èèpo igi rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì. Bí táńkì bá gbẹ fún ìgbà pípẹ́, kọ́ọ̀kì náà yóò gbẹ, yóò sì súnkì, bẹntiróò á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tú táàpù náà, yọ kọ́ọ̀kì rẹ̀, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí yóò fi wú, kí o sì dá a padà. Bí kò bá ti ya, yóò dí. Láti ìgbà náà lọ, má ṣe jẹ́ kí táńkì rẹ gbẹ pátápátá mọ́.

Ṣí ìdérí táńkì kí o wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ Bantam ló ní ife kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, nítorí ẹ́ńjìnnì two-stroke ni, inú bẹntiróò ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbà wọlé. Ìdá 20 bẹntiróò sí ìdá 1 ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń lò láyé ìgbà yẹn, ìyẹn 50 mílílítà ọ́ìlì sínú lítà bẹntiróò kan. Fẹ́sípà tèmi, tó jẹ́ 150, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fẹ́, 20 mílílítà péré sí lítà kan. Ẹni tó bá ta bẹntiróò sí i láìpo ọ́ìlì mọ́ ọn, pósí ló ń kàn fún písítìnì.

Mẹkáníìkì Mọ́níyà

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwa mẹkáníìkì díẹ̀. Ẹni tó gbé alùpùpù wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ máa ń fẹ́ gùn ún lọ sílé nírọ̀lẹ́. Bí mo bá ní kí a so ẹ́ńjìnnì Ṣáínà mọ́ ọn, gbogbo ohun tí mo nílò ni mo lè rà ní Àràròmí ní Gate kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí ó bá jẹ́ písítìnì Bantam ni mo ń wá, a ṣì ń rí i rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, ṣùgbọ́n a ó kọ̀wé, a ó sanwó, a ó sì dúró. Sùúrù yẹn ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kò ní, kì í ṣe pé àwa kò mọ iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, ọ̀rọ̀ sípánà yín kì í ṣe àwàdà o. Àwọn nọ́ọ̀tì yẹn kì í ṣe ti mílímítà, nítorí náà sípánà 13 tàbí 14 yóò dà bí ẹni pé ó bá a mu, títí di ìgbà tí ẹ bá fi agbára sí i tí igun nọ́ọ̀tì á fi yí, tí yóò di róbótó. Sípánà Whitworth, ìyẹn ti ìwọ̀n ìǹṣì àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ wá. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ dà yín láàmú, nítorí pé ìwọ̀n bóòtù ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n ẹnu sípánà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èyí tí wọ́n kọ 1/4 sí fi tóbi ju bí ojú ṣe rò lọ. Àwọn bàbá tó ń ta irinṣẹ́ tókúnbọ̀ máa ń ní i nísàlẹ̀ àpótí wọn, wọn kì í tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á. Bí bóòtù kan bá ti bàjẹ́, ẹ má ṣe fi agbára gbá bóòtù mílímítà wọ ojú ihò rẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún tọ́ọ̀nà kí ó gé irú rẹ̀ gan-an fún yín.

Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà, òun ni mo sì kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò lára gbogbo alùpùpù tó ń jẹ ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróò: sàlẹ́ńsà. Ọ́ìlì tó ń jó níbẹ̀ máa ń di èédú lílẹ̀pọ̀, á máa ga sí i díẹ̀díẹ̀ títí èéfín kò fi ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Alùpùpù náà yóò máa rìn dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan òkè, agbára rẹ̀ á tán, àwọn ènìyàn á wá ní ríìngì ló ti jẹ. Ẹ yọ irin tó wà nínú sàlẹ́ńsà náà, ẹ fi wáyà ha ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde lára sílíńdà nígbà tí písítìnì bá wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì rẹ sàlẹ́ńsà sínú omi kọ́sítíìkì, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kí omi náà má kan ohunkóhun tó jẹ́ alumíníọ̀mù, nítorí yóò jẹ ẹ́ tán níṣojú yín.

Ẹ má jáyà bí ó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kan tí ẹ rọra ta kíkì rẹ̀, tí ó gbá ẹsẹ̀ yín padà tí ó sì gbiná, ẹ fi í sí jíà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè yí sódì kí ó sì máa ṣiṣẹ́ geere. Mo ti rí i lójú ara mi níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹ pa á, kí ẹ tún un ta pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì yẹ àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń sáná wò.

Ìyá Adùbí

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé alùpùpù kò lè jẹ́ àtijọ́ àfi kí ó máa jò, kí ó máa jẹ ọ́ìlì, kí ó sì máa gbá ẹsẹ̀ ẹni. Honda C70 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti Yemẹtù dé àwọn abúlé ẹ̀yìn Ọ̀mì-Àdió, mo sì ṣì ń gùn ún lọ sọ́jà. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ọwọ́ fà, ọ́ìlì rẹ̀ wà láyè ara rẹ̀, ó sì ní ike gbàǹgbà níwájú tí kì í jẹ́ kí ẹrọ̀fọ̀ ta sí obìnrin láṣọ. Ní 1958 ni Honda gbé ìyá ńlá rẹ̀ jáde, nígbà tó sì fi di 2017, irú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ti lé ní mílíọ̀nù 100. Wọ́n ní Takeo Fujisawa, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ títà fún Honda, fẹ́ kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà á. Èmi náà fi ọwọ́ kan wà á, àpótí abẹ́rẹ́ ló wà ní èkejì.

Òun náà ní ìwà tirẹ̀ o. Bí a bá tẹ bíréèkì iwájú rẹ̀, orí rẹ̀ kì í tẹ̀ sílẹ̀ bíi ti alùpùpù yòókù, ńṣe ló máa ń gbé sókè. Apá kékeré tó di táyà iwájú mú ló fà á, bí bíréèkì ṣe ń mú táyà ni ó ń ti apá náà sókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé alùpùpù fẹ́ gbé òun ṣubú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní gbà kí wọ́n fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ̀yin tí ẹ ń gun Gẹ̀ẹ́sì yé ka àìsàn mọ́ ẹwà. Bẹntiróò tó ń jò sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, àìsàn ni.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo dúpẹ́ púpọ̀, Bàbá, Ìyá wa, àti ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo ti tú táàpù náà, kọ́ọ̀kì tó wà nínú rẹ̀ le bí ekuru ọjọ́ kẹta, mo sì ti rẹ ẹ́ sómi. Ife ọ́ìlì wà lábẹ́ ìdérí lóòótọ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ìlú wa, pàápàá bí mo bá gba Mápó sọ̀ kalẹ̀. Ǹjẹ́ ó ní bí a ṣe ń gùn irú ẹ́ńjìnnì yìí sọ̀ kalẹ̀? Èkejì ni ti ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ tí ọmọdé bá sá sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni n ó fi wá bíréèkì gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ mi lára.

Bàbá Fẹ́sípà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn dára, ọ̀pọ̀ kì í béèrè rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì. Inú bẹntiróò ni ọ́ìlì wà, àbí? Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, tí o pa ọwọ́ iná dé pátápátá, tí o sì jẹ́ kí jíà máa dá ọ dúró, ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá, ṣùgbọ́n bẹntiróò tó ń wọlé kéré jọjọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tó bá a wọlé náà sì kéré. Nígbà tí o bá fi dé ìsàlẹ̀, písítìnì lè ti gan mọ́ sílíńdà. Nítorí náà, máa fún un níná díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí o ṣe ń sọ̀, tàbí kí o fa kílọ́ọ̀ṣì kí o sì gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì. Bí o bá gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí alùpùpù náà ń fà bí ẹni pé ẹnì kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, fa kílọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, má dúró ronú.

Kí Ìyá Adùbí má bínú sí mi, Fẹ́sípà kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ohun tó yẹ kó tì í lójú. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán rẹ̀ fún Piaggio, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1946, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi di táyà iwájú rẹ̀ mú bíi ti ọkọ̀ òfuurufú, èyí ni a fi lè yọ táyà lẹ́bàá ọ̀nà láìtú ohun púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì ni gbogbo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún á rí i pé ó ń wọ́ díẹ̀ sápá kan. Èmi kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹni tí mo bá yá ló máa ń ké gbàjarè.

Awakọ̀ Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, mo ń gun Triumph 650 ti bàbá ìyàwó mi lọ́jọ́ Àìkú, mo sì ń gun Boxer láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn kàn mí. Ìlànà mi ni pé n kò gun méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí mo bá jókòó sórí Triumph, kí n tó ta kíkì, mo máa ń tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ òsì léraléra títí ọkàn mi á fi balẹ̀, àwọn títì abẹ́nú Bódìjà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ gbà láàárọ̀ kí n tó bọ́ sí gbangba. Ẹ jẹ́ kí bíréèkì iwájú jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ló wà lára méjèèjì, òun kò yí padà. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé jíà lọ sí òsì. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló fi ipá mú àwọn ilé iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979, irin tí Triumph lò láti fi gbé e kọjá sí òsì kò sì dùn lẹ́sẹ̀ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yí padà kíákíá ni jígí. Ẹ wò ó dáadáa, bí ó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀tún ló máa wà. Apá òsì títì ni a ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nítorí náà apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń yọ síni láti ẹ̀yìn. Lónìí, apá òsì ni wọ́n ti ń yọ, jígí bàbá yín sì ń wo kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ so òmíràn mọ́ òsì, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹwà.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé bẹntiróò òde òní yóò ba ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́ nítorí pé wọ́n ti yọ òjé kúrò nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà parí ní 2006. Ìjókòó fáàfù, ìyẹn ibi tí irin tó ń ṣí tó sì ń pa ẹnu ọ̀nà sílíńdà dé máa ń jókòó sí, ni òjé náà ń dáàbò bò, Bantam yín kò sì ní fáàfù kankan. Ẹ fi ìpayà yẹn sílẹ̀ fún èmi tí mo ní Triumph.

Kọ̀wé-Eléyelé

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa mí. Owó tí ẹ máa ná lórí sípánà, kọ́ọ̀kì, ìbọ̀wọ́ àti písítìnì láti òkè òkun, ó ń lọ sí ìdajì owó Bajaj tuntun. Kí ló dé tí a kò fi í sí pálọ̀ kí a máa wò ó?

Ìyá Adùbí

Ọmọ mi, ọkọ mi ti fi tirẹ̀ sí pálọ̀ rí. Táyà rẹ̀ sán, táńkì rẹ̀ dógùn-ún láti inú, nígbà tí a sì fẹ́ gùn ún, kò sí ohun tó ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ̀rọ tí a ń lò kì í bàjẹ́ tó èyí tó jókòó.

Mẹkáníìkì Mọ́níyà

Mo fẹ́ fèsì lórí iná, kí ẹnikẹ́ni má bàa tú wáyà Bantam náà láìmọ̀. Bí tiyín kò bá ní bátìrì, iná tó ń ti ara ẹ́ńjìnnì wá ló ń lọ tààrà sí gílóòbù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí kíákíá tó ni iná ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí iná iwájú fi máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá dúró ní oríta Mọ́kọ́lá lálẹ́. Bí gílóòbù iwájú bá sì jó, gbogbo iná tí òun ì bá jẹ yóò ya lu ti ẹ̀yìn, òun náà á jó tẹ̀ lé e, ẹ ó sì wà nínú òkùnkùn níwájú àti lẹ́yìn láàárín ọkọ̀ danfó. Ìwà yìí, tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rewáyà tó mọ iṣẹ́ lè so ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣètò iná mọ́ ọn, kí ó fi bátìrì kékeré sábẹ́ ìjókòó, kí ó sì lo gílóòbù LED tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i láti ìta.

Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún un kí ó má fọwọ́ kan wáyà tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì. Ìyẹn ní kọ́ìlì tirẹ̀, kò nílò bátìrì, bí bátìrì bá sì kú ní àárín Mólété, alùpùpù náà yóò ṣì gbé yín délé. Kí ó sì bi yín léèrè èwo nínú ìdí bátìrì méjèèjì, rere (+) tàbí òdì (-), ni ó wọ ara férémù, nítorí pé ọ̀pọ̀ alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, ìdí rere ni wọ́n ń so mọ́ férémù, kì í ṣe ìdí òdì bíi ti òde òní. Ẹni tó bá so ó bí ó ṣe mọ́ ọn lára yóò jó ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Táàpù kò jò mọ́ láti àná. Mo ti pinnu pé ẹ́ńjìnnì yóò dúró, jíà yóò dúró lápá ọ̀tún, jígí kejì àti iná tuntun yóò wọlé, táyà méjèèjì yóò sì lọ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ wọn ti sán. Ó gbiná nírọ̀lẹ́ àná lẹ́yìn tí mo tẹ bọ́tìnnì kékeré orí kábúrétọ̀ títí bẹntiróò fi ta sí mi níka, ó sì tú èéfín sí gbogbo agboolé débi pé màmá mi jáde wá wo ohun tó ń jó. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé mo lè gbé e wá sí Mọ́níyà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà àti iná?

Mẹkáníìkì Mọ́níyà

Ẹ gbé e wá lórí píkọ́ọ̀pù, ẹ má gùn ún títí a ó fi pààrọ̀ táyà. Ẹ yọ sàlẹ́ńsà náà nílé kí ẹ sì mú un dání lọ́tọ̀, kí ó lè wọ inú kọ́sítíìkì láàárọ̀ kùtù nígbà tí mo bá ń ṣe iná. Bí ẹ bá rí sípánà Whitworth rà kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ bá mi ra ọ̀wọ́ kan pẹ̀lú, mà á dá owó yín padà.